Ẹni Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin lójú yín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹja pípa ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bá mi dé ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ilé ni ó padà sí.

Ìyàwó mi a máa bi mí ní ìbéèrè kan lọ́dọọdún bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. A ní, "Bàbá wọn, ẹja kún ọjà. Owó ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ san lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti àbọ̀, ó tó ra èyí tí gbogbo ilé yóò jẹ. Kí ni ẹ tún ń wá lọ sórí omi?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, n kò sì bínú sí i rí. Ẹni tí ó bá ń wá ẹja nìkan, ọjà ni kí ó lọ. Ohun tí èmi ń wá lọ ni ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, níbi tí mo ti jẹ́ Ládánì ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orí ẹní kan náà ni a jọ jókòó sí ní ilé kéú. A jọ fọ wàláà, a sì jọ jẹ pàṣán ààfáà. Lẹ́yìn tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, iṣẹ́ mọ́sáláṣí ni mo dì mú. Òun padà sí ìlú bàbá rẹ̀, ó sì di àjẹ̀ mú. Bàbá Ìbejì ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè é níhìn-ín. Láti ọdún 2012 ni a ti ń ṣe ìrìn yìí. Ní àkọ́rọ̀ òjò, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, n ó lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, n ó sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, bí a bá sì ti kírun àsùbáà tán a ó bọ́ sínú ọkọ̀. Ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni lọ́dún kan, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa omi náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ibẹ̀ rí. Ọ̀sà mẹ́ta ni ó so kọ́ra níbẹ̀: ọ̀sà Lẹ́kì wà ní ìlà-oòrùn, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín, ọ̀sà Èkó sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Èkó ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí omi wọn ń gbà jáde sí òkun. Ọ̀sà Lẹ́kì nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247, bẹ́ẹ̀ ni kò jìn lọ títí. Ibi tí ó jìn jù nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 6 àti díẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ń ṣàn sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa gba Èkó wọlé. Kí ó tó dé Ẹ̀pẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí òjò bá dé, àwọn odò á kún, wọn á sì ti omi iyọ̀ náà padà síbi tí ó ti wá. Omi ọ̀sà á pọ́n, á gun bèbè, á sì bo koríko. Nígbà náà ni ẹja ń rìn.

Ewé kan tún wà tí ó ń léfòó lórí omi, òdòdó rẹ̀ dà bí aró tí a fi omi là. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìhà Àgbádárìgì. Kò fẹ́ràn iyọ̀, nítorí náà àsìkò òjò ni ó ń gbilẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà kọjá lánàá, ewé yìí lè ti dí i pa bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́. Bí a bá bá a lójú ọ̀nà, ẹni iwájú ni yóò fi àjẹ̀ tì í sápá kan, ẹni ẹ̀yìn yóò sì máa ti ọkọ̀ wọ inú àlàfo náà. Bí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò bá ṣe ọ̀kan, ibẹ̀ ni oòrùn yóò pa wọ́n sí.

Ọkọ̀ wa kéré. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́. Ènìyàn méjì, igbá ìgbọ́nmi kan, ìgèrè mẹ́rin àti okùn ìwọ̀ ni ó lè gbà. Nítorí náà ó ní òfin. Ẹni tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ ni ó ń tukọ̀. Ẹni tí ó wà níwájú yóò máa wa ọkọ̀, yóò máa ṣọ́ kùkùté àti ewé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ìjókòó padà, yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde kí èkejì lè fi ara balẹ̀. Àwa méjèèjì ni a sì ń wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Bàbá Ìbejì mọ̀wẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ kì í bọ́ tirẹ̀. Ó ní àwọn tí ó mọ̀wẹ̀ ni omi sábà máa ń gbé lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í súnmọ́ ọn.

Ní ilẹ̀, èmi ni mo ń gbé ohùn sókè tí ènìyàn ń dìde. Lórí omi, iwájú ni mo máa ń jókòó, mo sì ń gbọ́ràn sí ẹni tí kò ní oyè kankan. Ó dára fún mi bẹ́ẹ̀.

Ẹja mẹ́ta ni a sábà máa ń rí. Àkọ́kọ́ ni àrọ̀. Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i láàyè nínú ọpọ́n àwọn ẹlẹ́ja láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá bo koríko etí ọ̀sà, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ ń lọ yé ẹyin sí, ẹyin abo ńlá kan a sì máa ju ọ̀kẹ́ kan lọ. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, Bàbá Ìbejì kì í gbé e délé. Ìyàwó rẹ̀ ti bá a jà lórí èyí títí ó fi sú u. Ó ní, "Ẹyin ẹja tí à bá fi se ọbẹ̀ ni ẹ tún dà sódò!" Ọkọ rẹ̀ á ní, "Ọbẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ ni mo dà síbẹ̀."

Èkejì ni òbòkun. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ rántí pé ẹ̀gún mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ gé wọn kúrò kí ẹ tó máa fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a máa ro ni fún ọjọ́ púpọ̀. Inú ihò ni ó fẹ́ràn láti máa yé ẹyin sí, ìdí nìyí tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń ri ọparun oníhò sísàlẹ̀ omi láti fi mú un. Bí òbòkun bá gbẹ lórí iná dáadáa, tí a sì já a sínú ìkọ́kọrẹ́, ará Ìjẹ̀bú tí kò bá béèrè èkejì, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀kẹta ni ẹpìyà. Oríṣiríṣi ẹpìyà ni ó wà, ṣùgbọ́n èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀sà wa, ìwà kan wà lára rẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, akọ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Inú ẹnu bàbá wọn ni àwọn ẹyin náà yóò ti di ọmọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni yóò fi gbé wọn kiri, kò sì ní lè jẹun bí ó ti yẹ, títí àwọn ọmọ náà yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Ẹ fi ẹpìyà yìí sọ́kàn, n ó padà dé orí rẹ̀.

Ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí àárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ìyàwó ọmọ àbúrò mi. Nítorí pé èmi àti bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ni àwọn ọmọ náà ṣe mọ ara wọn, èmi ni mo sì ṣáájú ìdílé wa lọ tọrọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ ẹja yíyan bí ìyá rẹ̀. Ó ń kó ẹja wá láti ọjà Òlúwo ní Ẹ̀pẹ́, ó ń yan án ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń tà á fún àwọn olóúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ kó owó òwò náà láìsọ fún un, ó fi kún owó ọkọ̀ èrò kan tí ó rà. Ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ tó oṣù méjì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú. Nígbà tí ìyàwó béèrè owó rẹ̀, ọkọ ní ohun tí ó jẹ́ ti ìyàwó, ti ọkọ ni. Ìyàwó kò jà, kò pariwo. Ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ni wọ́n bá ṣe ìpàdé ìdílé. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ mú wa lọ síbẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kí ó dá ìyàwó wa padà." Mo pe Bàbá Ìbejì lórí fóònù. Ó dáhùn pé, "Owó ọmọ mi kọ́kọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni a kò fi gbọ́ ohùn ara wa, àwa tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a kò tíì ní eyín àgbà.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò kejì rọ̀, ẹ̀kẹta rọ̀, mo sì ń wo fóònù mi. Ní alẹ́ ọjọ́rú kan ni ó pè. Ó ní, "Ládánì, omi ti yí padà." Mo ní, "N ó wá ní Jímọ̀ọ̀." Nígbà tí àbúrò mi gbọ́ pé mò ń lọ, ó ní kí n má gbàgbé iṣẹ́ tí ìdílé rán mi. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ sọ pé, "Ẹ lọ o. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí òun tó dá a sílẹ̀."

Ọmọ náà ni ó gbé omi wá fún mi nígbà tí mo dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì padà sí ìdí ẹbu ẹja rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ rẹ̀ kékeré kò mọ̀ pé ìjà wà. Ó wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá Ìbejì béèrè àlàáfíà ilé mi, mo béèrè ti tirẹ̀, a jẹun, a sùn.

Lójú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tó wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí "Kùkùté wà níwájú" àti "Mo rí i." A fa ìgèrè àkọ́kọ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. A fa èkejì, àrọ̀ kan wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ẹpìyà ni. Ó mú un, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ó rọra la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ẹyin ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí epo tí a fi sínú omi gbígbóná. Ó ri ọwọ́ àti ẹja náà sínú omi, ó sì jẹ́ kí ó lọ fúnra rẹ̀.

A tún wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Ó ní, "Ládánì, èmi náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń sọ pé mo gbé ọmọ sẹ́nu, n kò fẹ́ tu ú. Ìwọ náà, sọ fún mi, ṣé kí n tu ú sínú omi tí kò dára ni?"

N kò yí ojú padà. Mo ní, "Báwo ni omi náà yóò ṣe dára lójú rẹ?"

Ó ní, "Kí owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbà lẹ́nu ara wọn pé tirẹ̀ ni."

Mo ní, "Bí ó bá pé, ta ni yóò sọ pé kí ó padà? Ṣé ìwọ ni, àbí òun?"

Ó dákẹ́ títí. Ọkọ̀ fa díẹ̀ sí apá òsì, ó sì tún un ṣe. Ó ní, "Òun ni. Ẹja tí ó bá ti lè lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni yóò máa tọ́ka ọ̀nà fún un." Ó tún dákẹ́, ó wá ní, "Ṣé o mọ̀ pé láti ìgbà tí ó ti dé, n kò tíì bi í?"

Ìdílé tèmi náà kò bi í. A ti ṣe ìpàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ti ṣe ìpàdé ní Ẹ̀pẹ́, bàbá ti sọ̀rọ̀, baálé ti sọ̀rọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì wà lẹ́yìnkùlé ní ìdí iná.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, a pè é. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni ó fẹ́. Ó kọ́kọ́ wo ojú àwa méjèèjì bóyá òótọ́ ni a ń béèrè. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀ bí ẹni tí ó ti ń kà á lọ́kàn lójoojúmọ́. Ó ní òun kò kọ ọkọ òun. Ó ní òun fẹ́ kí owó òun pé, kí òun máa ṣe òwò òun lọ, kí ọkọ òun má sì fọwọ́ kàn án mọ́ láìbéèrè. Ó ní bí ó bá béèrè lọ́jọ́ náà, òun ì bá fún un ní apá kan nínú rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ó tán. Ó ní ó tán, ó sì bi wá bóyá kí òun wá kó ẹja tí a pa.

Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ délé bí ó ti sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi tún fẹ́ sọ pé ti ìyàwó ti ọkọ ni, mo sọ ohun tí gbogbo ẹni tí ó ti jókòó níwájú ààfáà mọ̀, pé ohun tí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni, àti pé ọkọ ni Ọlọ́run gbé bùkátà ilé lé lórí. Wọ́n ta ọkọ̀ èrò náà bí ó ti wà. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi san owó náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó pé, ọmọ náà padà sí ilé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ àti àwọ̀n ìyanja tuntun. Wọ́n ti bí ọmọ mìíràn lé e.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Àbúrò mi sọ lójú gbogbo ilé pé mo ta ìdílé fún ọ̀rẹ́ mi. Títí di òní, ìkíni rẹ̀ sí mi jẹ́ ti ẹnu lásán, bí ìpàdé bá sì wà, kì í ṣe èmi ni ó kọ́kọ́ ń pè sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dùn mí, nítorí ọmọ ìyá mi ni. Bàbá Ìbejì náà gba tirẹ̀: àwọn kan ní Ẹ̀pẹ́ ní ó fi owó díwọ̀n ọmọ rẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ohun tí a san.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, ìdí tí ọkọ̀ igi kékeré yẹn fi ṣe ohun tí yàrá àlejò kò lè ṣe. Nínú yàrá, a máa ń kọjú sí ara wa bí ẹni tí ó fẹ́ jìjàkadì, àwọn ará ilé a sì máa gbọ́ wa. Ẹni tí ènìyàn bá ń gbọ́, ó ṣòro fún un láti rẹ ohùn sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, ibì kan náà ni a kọjú sí, ẹ̀yìn mi ni ó ń rí, omi ni mo ń rí. Kò sí ẹni tí yóò bínú jáde, nítorí kò sí ibi tí yóò jáde sí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò yá jù. Bí ẹnì kan bá sì fi ìbínú mi ara, àwọn méjèèjì ni yóò tutù.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ọkọ yín bá ní ọ̀rẹ́ kan tí ó lè jókòó tì láìsọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ má ṣe jowú rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ó wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó kí ó tó lọ, kí ó sì sọ ìgbà tí yóò padà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ṣòwò, ẹ mọ iye owó yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ jáde bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ mi, nígbà tí ìpàdé bá tún dé lórí ọmọbìnrin kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ fún un ní ìjókòó, kí ẹ sì bi í.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ilé wa ṣe o.